Ẹ̀rọ Kọ Mínẹ́ẹ̀tì, Ìpàdé Kà Á: Ohun tí Mo Rí ní Ìkògòsì

Ọ̀nà Arámọkọ la gbà. Nígbà tí a kọjá Erínjìyàn, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì, igbó sì túbọ̀ ń di. Kò pẹ́ tí a fi dé ẹnu ọ̀nà ibùdó ìgbafẹ́ Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan láti Adó-Èkìtì, tí wọ́n jọ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ló gbà mí láyè kí n bá wọn jókòó ní ìpàdé. Wọ́n fẹ́ dán nǹkan tuntun kan wò: ẹ̀rọ ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, òun náà ni yóò sì kọ kókó ibẹ̀ jáde bíi mínẹ́ẹ̀tì ìpàdé.

Ibẹ̀ ti mọ ìpàdé tipẹ́. Ní 1952, àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí Ẹni Ọ̀wọ̀ John McGee ṣáájú wọn, ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà fún ìpàgọ́. Títí dòní, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni ṣì ń kó èèyàn wọn wá síbẹ̀ láti jókòó sọ̀rọ̀.

A kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi. Èyí tó gbóná ń jáde láti orísun rẹ̀ ní nǹkan bí 70 ní ìwọ̀n Celsius. Kó tó dé ibi tí òun àti omi tútù ti pàdé, ó ti rọlẹ̀ sí nǹkan bí 37. Màmá kan bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ó ti èkejì bọ tútù, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Alága ló pè wá pé àkókò ti tó.

Nínú gbọ̀ngàn, akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fi fóònù sáàárín. Ọmọge ni, nítorí náà ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wí."

Bàbá kan bi í pé, "Níbo lẹ máa kó ohùn wa lọ?"

Ó dáhùn láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohùn náà yóò gbà dé kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù tí wọ́n fẹ́ lò, lókè òkun. Ìbéèrè bàbá yẹn bá òfin mu. Láti oṣù kẹfà 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà, ẹni tí wọ́n bá gba ohùn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Gbogbo wọn gbà, akọ̀wé sì tẹ bọ́tìnnì.

Ìpele méjì ni irú iṣẹ́ yìí ní. Ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, òmíràn á wá ka ọ̀rọ̀ náà, á sì mú ohun tó rò pé ó jẹ́ kókó. Láti 2023 ni Zoom àti Microsoft ti fi irú rẹ̀ sínú ìpàdé orí ẹ̀rọ ayélujára, Google náà sì tẹ̀ lé wọn ní 2024.

Nígbà tí akápò ń ka ìṣirò owó lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Èkìtì sọ̀rọ̀, tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, ọ̀rọ̀ tó ń jáde kò ní orí, kò ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ wá dórí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù. Alága dábàá pé kó kúrò ní 5,000 náírà, kó di 7,500. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Bàbá tó sọ èdè Èkìtì lẹ́ẹ̀kan bá fèsì ní Yorùbá tó já gaara: "Alága, a ti gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ yín dáa. Ẹ jẹ́ ká fi tó àwọn ará ilé létí ná." Kò sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọn ò tíì gbà. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Láìpẹ́, iná lọ. Gbogbo wa dákẹ́, à ń retí jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà sì ń fi bátìrì rẹ̀ gbọ́ lọ.

Kí ìpàdé tó tú ká, àkópọ̀ ti jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ àwọn tí yóò lọ sí báǹkì pé. Ọjọ́ tí wọ́n á san ẹ̀yáwó padà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé ìpàdé ti fohùn ṣọ̀kan lórí 7,500 náírà. Níbi tí iná ti lọ, tí ẹnikẹ́ni ò la ẹnu, ó kọ ọ́ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń wò wá.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí Whisper, ẹ̀rọ tí OpenAI ṣe láti sọ ohùn di ìwé. Nínú bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tí wọ́n fi dán an wò, ó ń fi gbólóhùn odidi tí ẹnikẹ́ni ò sọ kún un, ó sì ń wọ́pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń dákẹ́ pẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Báwọn àgbà wa ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn: wọ́n á sọ díẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún sọ.

Ohun tí akọ̀wé ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì kọ́. Kò fi àkópọ̀ náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó dìde, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe dórí 7,500, ohùn mẹ́rin, márùn-ún ló dún lẹ́ẹ̀kan náà: "Rárá o! A ò fẹnu kò síbì kankan." Ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó bi bàbá ní ohun tó fi èdè Èkìtì sọ, ó sì kọ ọ́ bó ṣe wí. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n gba mínẹ́ẹ̀tì náà wọlé, ẹlòmíràn gbè é lẹ́yìn. Ká ní kò kà á ni, 2,500 náírà ì bá ti fò kúrò nínú owó oṣù àwọn tí kò fọwọ́ sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ fi N-ATLAS lọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wa kọ́. Inú mi dùn sí i, mo sì fẹ́ kí ohùn Èkìtì pọ̀ nínú irú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìṣì kan, àwọn tó jókòó ló lè sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Nítorí náà, ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí ẹ tó gba ohùn wọn. Ẹ ka àkópọ̀ sí ìpàdé létí kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ẹ má pa ohùn náà rẹ́ títí wọ́n á fi gba mínẹ́ẹ̀tì wọlé, kí akọ̀wé sì fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú. Ẹ̀rọ ti gba ìwé kíkọ lọ́wọ́ akọ̀wé; ẹ fi àkókò tó ṣẹ́ kù yẹn bi àwọn èèyàn yín bóyá ohun tí wọ́n sọ lẹ kọ.