Àkọsílẹ̀ Kan fún Gbogbo Ilé-Iṣẹ́: Ètò ERP àti Ìrírí Ilẹ̀ Nàìjíríà

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní ERP, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé e wọ ilé-iṣẹ́ ní irú ilẹ̀ tiwa. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi Èbúté Ìkòròdú ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ kan kó ẹrù gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ka ẹrù, agbówó-èbúté kà á, oníṣòwò náà tún kà á, oníkálukú sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Bí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ìjà dé nìyẹn. Ohun tí ERP ń ṣe ni pé a ó ka ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, a ó kọ ọ́ sí ojú kan, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì máa wo àkọsílẹ̀ kan náà.

2. Ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ètò

Ní ọdún 1972 ni àwọn márùn-ún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní IBM dá SAP sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Nǹkan bí ọdún 1990 ni orúkọ náà, ERP, jẹ yọ. Kókó tí a fẹ́ fà yọ ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àpótí òfìfo. Àwọn tí ó ṣe é ti ro ilé-iṣẹ́ kan sínú rẹ̀: èyí tí iná kì í kú níbẹ̀, tí ìwé òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, tí a sì mọ ẹni tí ó ń fọwọ́ sí owó. Ní ọdún 2002, Richard Heeks ti Yunifásítì Manchester ṣàlàyé pé bí àlàfo tí ó wà láàrin ohun tí a rò àti ohun tí ó wà gan-an bá ti fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ìkùnà ṣe ń pọ̀ tó.

3. Àpẹẹrẹ IPPIS

IPPIS, tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, kì í ṣe ERP ní kíkún, ṣùgbọ́n ó so ẹ̀ka méjì pàtàkì pọ̀: àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ àti owó oṣù. Ìdí rẹ̀ ni láti yọ orúkọ àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ kúrò nínú ìwé owó.

Ní ọ́fíìsì ìjọba tí òṣìṣẹ́ ti ní ipò kan àti owó oṣù kan, èrò yìí bá ibẹ̀ mu. Yunifásítì yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè gba ààyè ọdún kan láti lọ kọ́ni ní yunifásítì mìíràn, kí àwọn méjèèjì sì máa san owó fún un. Òfin ọdún 2012 gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni 70 ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í lè kọjá 60 lẹ́nu iṣẹ́. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sọ pé ètò náà kò fi ààyè sílẹ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí kò bá wọlé sórí IPPIS kò ní gba owó oṣù. IPPIS wà lára ohun tí ó fa ìyanṣẹ́lódì ASUU láti oṣù kẹta sí oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹgbẹ́ náà gbé ètò tirẹ̀, UTAS, kalẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì mìíràn gba oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjọba fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kúrò lórí IPPIS.

Ọ̀rọ̀ náà kan agbègbè yìí. Yaba College of Technology, tí ó ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀. LASUSTECH ní Ìkòròdú jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí náà IPPIS kò kàn án.

4. Àgbálọgbábọ̀

A kò lè sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kò ṣàìní ìdí láti wá ojútùú sí ayédèrú inú ìwé owó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí a tó ra ètò, ó yẹ kí a kọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an sílẹ̀, pàápàá àwọn ohun tí ó yàtọ̀ sí ìlànà, kí a sì bi akọ̀wé tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí a bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka kan. Kí ìwé àtijọ́ àti ètò tuntun jọ máa rìn títí wọn yóò fi dọ́gba. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, a ní láti pinnu èyí tí yóò yí padà, ilé-iṣẹ́ ni tàbí ètò. Bí a kò bá dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú, ẹni tí ó ń retí owó oṣù ni yóò jìyà rẹ̀.