Ẹ̀yin Tó Ń Lọ Mẹ́kà, Ẹsẹ̀ Yín Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí Mẹ́kà, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ san owó ọ̀nà fún bàbá tàbí ìyá yín. Èmi fúnra mi kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, nítorí dìsípẹ́ńsárì wa ni wọ́n ń gbé e wá: ìléròrò tó ti bẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti là, èékánná tó ti dúdú.

Ní ọdún kan, ìyá àgbà kan wọlé tọ̀ mí wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi gún abẹ́rẹ́ Mẹ́kà. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni a ó wọ ọkọ̀ òfuurufú." Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ń lọ. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́fà. Mo ní kí ni wọ́n wá ti ṣe láti ìgbà náà? Ìyá kà á fún mi: wọ́n ti ra báàgì ńlá méjì, wọ́n ti rán aṣọ mẹ́rin, wọ́n ti lọ ẹ̀lùbọ́, wọ́n ti yan ẹja, wọ́n sì ti ka iye àwọn tí wọn yóò ra ẹ̀bùn fún. Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, mà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ṣebí òun náà ń bá mi lọ."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà rírà dùn, ó sì jọ ìmúra, ṣùgbọ́n ara ni yóò rin ìrìn náà. Àwọn tó ń lọ yóò yí Káàbà po nígbà méje. Láti Sàfà dé Màríwà jẹ́ nǹkan bíi mítà 450, ẹ̀ẹ̀meje ni wọn yóò sì rìn ín, èyí tó lé ní kìlómítà 3. Láti Míná dé Árafà tó kìlómítà 14. Lóòótọ́ ọkọ̀ ń gbé ọ̀pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá há sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń ju òkò sì tún wà níbẹ̀, tí wọn yóò máa rìn lọ rìn bọ̀ láti inú àgọ́ lọ́jọ́ bíi mélòó kan.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ooru ní Mọ́sálásí Ńlá Mẹ́kà dé ìwọ̀n 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ 37 péré ni ti ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá. Ìjọba Sáúdí sọ pé ènìyàn 1,301 ló kú nígbà Hájì náà, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Arúgbó àti àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà wà lára wọn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Òógùn a máa gbẹ lára ẹni kó tó hàn, omi a sì ti tán lára kí òùngbẹ tó gbẹni.

Kí ẹ má rò pé ìyá yìí kàn ń ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ga gan-an. Mo bi wọ́n nípa àtọ̀gbẹ wọn, wọ́n ní ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Bí mo bá wá, tí dókítà bá ní kí n má lọ ńkọ́?" Ẹ ò rí nǹkan! Ìbẹ̀rù ló ń jẹ́ "ó di ọ̀la". Èmi náà sì jẹ̀bi níbẹ̀. Ní oṣù méjì ṣáájú, wọ́n wá gba oògùn ibà, wọ́n sì sọ ti Mẹ́kà fún mi. Mo ní, "Ẹ padà wá bí ọ̀nà bá kù sí dẹ̀dẹ̀." Ó yẹ kí n ti wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Abẹ́rẹ́ kò mọ kánjúkánjú. Àwọn aláṣẹ Sáúdí ní kí a ti gba ti àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń mú ọrùn gan, ó kéré tán ọjọ́ 10 kí a tó dé ibẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ti ibà pọ́njú náà kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọjọ́ 10 yóò fi pé. Ẹni tó bá ti gba ti ibà pọ́njú rí kò tún ní láti gbà á mọ́, kó ṣáà mú yẹ́lò-káàdì rẹ̀ dání.

Ti ẹsẹ̀ ló gba àkókò jù. Bí ọ̀nà bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní ìdájí, fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Sálúbàtà tí ẹ ó wọ̀ lọ ni kí ẹ máa fi rìn. Bàtà tuntun ni olórí ìléròrò. Ẹ̀yin ọkùnrin, tí aṣọ yín kò ní ní ojú abẹ́rẹ́, itan yín lè bó: ẹ mú fàsílíìnì tí kò ní lọ́fínńdà dání. Ìyá kan sọ fún mi pé ojú ń ti òun láti máa rìn kiri láìrán òun níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n léèrè.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ rí dókítà ní oṣù mẹ́ta náà. Oògùn mìíràn ń mú kí a máa tọ̀ púpọ̀, ó sì yẹ kó wò ó bóyá yóò yí i padà. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró. Alátọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò. Ẹlòmíràn a tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kò ní mọ̀.

Ìyá yẹn kò lọ ní ọdún náà. Wọ́n sunkún lójú mi, ọmọ wọn sì bínú sí mi. Owó wọn dúró de ọdún kejì. Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà wa ní àárọ̀ kùtù pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wá wọn ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì sí mi lórí bẹ́ǹṣì kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìléròrò kan ṣoṣo ni mo rí, ní ọmọ ìka tó kéré jù, ó sì ti ń gbẹ.