Bí iná bá lọ nígbà tí Ubuntu ń gba àtúnṣe, kí ni ṣíṣe?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ni ìjọba Gabon gé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 30 ló padà dé. Bí oníṣòwò kan ní Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jù ní Libreville, bá ń gba àtúnṣe Ubuntu lọ́wọ́ nígbà náà, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́: apt máa ń kó fáìlì jọ tán kó tó fọwọ́ kan ti àtijọ́.

Iná tó bá lọ lẹ́yìn ìyẹn ni ewu, nítorí iṣẹ́ dpkg yóò dúró lágbedeméjì. Ọ̀pọ̀ a sì sáré pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́, títí kan àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ:

sudo dpkg --configure -a

Lẹ́yìn náà:

sudo apt --fix-broken install