Ògbufọ̀ Láàrin Ẹ̀rọ àti Aláìríran: Iṣẹ́ Skríptì Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà



Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ tiwa ni ọ̀rọ̀: bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń kà á, àti ẹni tí ó lè kà á. Níbikíbi tí a bá ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí ẹnìkan kò sì lè kà á nítorí ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́, ọ̀ràn náà ti di tiwa. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. N óò ṣàlàyé bí aláìríran ṣe ń ka ojú kọ̀ǹpútà, ibi tí ọ̀nà ti ń dí mọ́ ọn, àti bí skríptì ṣe ń la ọ̀nà náà. Lẹ́yìn èyí ni n óò sọ ibi tí agbára skríptì mọ.

1. Bí aláìríran ṣe ń ka ojú kọ̀ǹpútà

Etí ni ọ̀pọ̀ aláìríran fi ń ka kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn sì ń fi ìka ka lẹ́tà Braille lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ ọn. Ètò kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wọn. Àwọn tí ń lò ó ń pè é ní screen reader. Akàwé-sókè ni n óò máa pè é. Bí ẹni náà ti ń fi àtẹ ìtẹ̀wé rìn láti ibì kan dé ibòmíràn lójú kọ̀ǹpútà, akàwé-sókè yóò máa sọ ohun tí ó bá níbẹ̀ fún un.

Láyé ètò DOS, iṣẹ́ yìí kò le púpọ̀. Lẹ́tà ni ó kún ojú kọ̀ǹpútà, a sì tò wọ́n sínú ìrántí ẹ̀rọ ní ìlà-ìlà. Akàwé-sókè kàn ní láti lọ kó wọn níbẹ̀ ni. Láyé náà ni JAWS kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1989. Ted Henter, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti máa ń fi alùpùpù díje kí ó tó pàdánù ojú rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1978, ni òun àti Bill Joyce dá ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sílẹ̀ ní ọdún 1987.

Nígbà tí Windows gbòde, nǹkan yí padà. Àwòrán ni ohun gbogbo lójú Windows. Lẹ́tà pàápàá di àwòrán. Ẹni tí ó ríran rí àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé jáde. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Nígbà tí JAWS fún Windows jáde ní ọdún 1995, ṣe ni ó ń ṣọ́ àṣẹ tí àwọn ètò ń pa láti ya nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń fi àṣẹ wọ̀nyí ṣe ẹ̀dà ojú kọ̀ǹpútà pamọ́ fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1997, Microsoft gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Active Accessibility. Ìlànà yìí jẹ́ kí ètò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun mẹ́ta nípa ohunkóhun tí ó bá wà lójú rẹ̀: orúkọ rẹ̀, irú ohun tí ó jẹ́, àti ipò tí ó wà. UI Automation ni ó tẹ̀lé e ní sáà Windows Vista.

Ṣùgbọ́n ìlànà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí ẹni tí ń kọ ètò kò bá tẹ̀lé e. Bí ó bá ya bọ́tìnnì mẹ́fà tí kò sì fún èyíkéyìí lórúkọ, ohun tí aláìríran yóò máa gbọ́ ni, “Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì.” Èwo nínú wọn ni ó ń fi owó ránṣẹ́? Èwo ni ó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́? Ẹni tí ó ríran kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀.

2. Ohun tí skríptì ń ṣe

Skríptì jẹ́ ìwé àṣẹ kúkúrú tí a kọ fún akàwé-sókè nípa ètò kan pàtó. A kò fọwọ́ kan ètò náà fúnra rẹ̀. Akàwé-sókè ni a kọ́ ní bí yóò ṣe máa kà á. JAWS ní èdè skríptì tirẹ̀. NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, tí a sì ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ń lo èdè Python. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà: a ń fi orúkọ ètò tí a ń ṣàlàyé sọ fáìlì skríptì. Bí ètò náà bá ti dé iwájú, skríptì rẹ̀ a jí. Bí a bá kúrò níbẹ̀, òun náà a sinmi.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó sábà máa ń ṣe. Èkíní ni ìsọlórúkọ: bọ́tìnnì tí kò lórúkọ yóò di “Fi owó ránṣẹ́”. Èkejì ni ìkéde. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ kan tí ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí tẹlifóònù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó ti ń tẹ nọ́ńbà oníbàárà, gbèsè ẹni náà hàn ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ojú tí ó ríran yóò tajú kán rí i. Etí kò ní tajú kán. Skríptì ni yóò máa ṣọ́ ibẹ̀, tí yóò sì sọ ọ́ jáde bí ó bá ti yí padà. Ẹ̀kẹta ni ìgékúrú ọ̀nà: ibi tí aláìríran ì bá ti rin ogún ìrìn kí ó tó débẹ̀, àmì kan ṣoṣo lórí àtẹ ìtẹ̀wé yóò gbé e débẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni èyí. Bí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá rí gbèsè náà kà kí oníbàárà tó pa tẹlifóònù dé, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì ní aláìríran kò lè ṣe é. Ìwọ̀nba ìlà skríptì díẹ̀ ni ó lè wà láàrin òun àti owó oṣù rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Dancing Dots kọ àwọn skríptì JAWS kan, CakeTalking, fún ètò Cakewalk SONAR, èyí tí àwọn olórin fi ń gba ohùn sílẹ̀. Nípa rẹ̀ ni àwọn olórin aláìríran fi lè jókòó ti iṣẹ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ń wo ojú kọ̀ǹpútà fún wọn.

3. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ògbufọ̀ ni mo fi skríptì wé. Ògbufọ̀ rere níyì, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kò sọ. Bí ètò kan bá ya ojú rẹ̀ bí àwòrán kan ṣoṣo, tí kò sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀, ó kù kí akàwé-sókè wo àwòrán náà kí ó sì gbìyànjú láti dá lẹ́tà inú rẹ̀ mọ̀. NVDA ti lè fi ohun èlò Windows 10 ṣe èyí láti ọdún 2017. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ lẹ́tà kò tíì mọ bọ́tìnnì.

Bákan náà, ọ̀rọ̀ olówó ni ògbufọ̀ ń tẹ̀lé. Bí àwọn tí ó ni ètò bá tún ojú rẹ̀ tò, skríptì lè ṣìnà lọ́jọ́ kan náà. Ní ọdún 2017, Gibson kéde pé àwọn kò ní ṣe SONAR mọ́. Ọdún 2018 ni BandLab tó gbà á, tí ó sì tún gbé e dìde. Ẹni tí ó kọ skríptì kò ní ohùn nínú irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá ni ti àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Nínú Unicode, lẹ́tà bí ọ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn orí rẹ̀ lọ́tọ̀. A lè fi àlàyé kún akàwé-sókè kí ó máa dárúkọ àmì náà bí a bá ní kí ó pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ohùn tí ó ń kàwé bá jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì, kò sí skríptì tí yóò mú un pe òkè àti ìsàlẹ̀ ní ti Yorùbá. Ohùn Yorùbá gidi ni ó lè ṣe èyí. Ìwé Yorùbá tí a kò bá sì fi àmì sí, a ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláìríran kí ó tó débẹ̀.

4. Ìkádìí

Òfin Nàìjíríà tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn tí ó ni ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ní ẹnu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè fi orúkọ sílẹ̀ nítorí bọ́tìnnì aláìlórúkọ, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ó wà.

Nítorí náà, mo ń bẹ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n tó ra ètò kan, kí aláìríran tí ó mọ akàwé-sókè í lò kọ́kọ́ dán an wò. Kí á tilẹ̀ tó pè é, ẹnikẹ́ni nínú wa lè pa ohun ìtọ́ka tì, kí ó fi àtẹ ìtẹ̀wé nìkan ṣe iṣẹ́ kan parí. Ibi tí ó bá há sí, ibẹ̀ ni aláìríran yóò há sí pẹ̀lú. Kí á yin àwọn tí ń kọ skríptì, kí á sì sanwó wọn. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ògbufọ̀ dá olówó ọ̀rọ̀ láre. Ẹni tí ó kọ̀wé ni ó kọ́kọ́ ní ojúṣe pé kí ìwé rẹ̀ ṣeé kà.