Ṣé O Mọ̀? Àwòrán Ló Ń Kó Ẹrù Tó Fọ́n Ká Jọ

Ogun, òwò àti olè ti fọ́n ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ká orí ilẹ̀ ayé. Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìkàwé tó máa ń bára wọn du ẹrù tẹ́lẹ̀ ti ń pawọ́ pọ̀ ya àwòrán ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń gbé e sórí ayélujára. Díẹ̀ rèé nínú ohun ìyanu tó ti ibẹ̀ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé Bíbélì kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dé orílẹ̀-èdè mẹ́rin kó tó lè rí gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀? Codex Sinaiticus ni wọ́n ń pè é. Awọ ẹran ni wọ́n kọ ọ́ sí ní nǹkan bí 1,650 ọdún sẹ́yìn. Ewé 347 wà ní London, 43 wà ní Leipzig ní Jámánì, 12 pẹ̀lú àwọn àjákù wà ní ilé àwọn mọ́ńkì Catherine Mímọ́ lẹ́bàá Òkè Sínáì ní Íjíbítì, àjákù ewé mẹ́fà sì wà ní St Petersburg ní Rọ́ṣíà. Ìjọba Soviet ló ta èyí tó wà ní London fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1933 ní £100,000, ará ìlú ló sì dá èyí tó ju ìdajì owó náà lọ. Ó dà bí ogún tí ọmọ ìyá mẹ́rin pín, tí kò sí ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda tirẹ̀. Ní 2005, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí àdéhùn pé kí kálukú di tirẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kí wọ́n yà á lọ́nà kan náà, kí wọ́n sì to àwòrán rẹ̀ pọ̀. Oṣù Keje ọdún 2009 ni gbogbo rẹ̀ pé sórí ayélujára. Ẹni tó ní fóònù ní Ṣakí lè ṣí i wò lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé odindi ìwé títẹ̀ tó pẹ́ jù lọ láyé, nínú àwọn tí ọjọ́ títẹ̀ wọn hàn lára wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi pín in? Diamond Sutra ni, ìwé ẹ̀sìn Búdà. Ní ọdún 868, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wang Jie ní ilẹ̀ Ṣáínà ní kí wọ́n ṣe é nítorí bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìparí ìwé náà pé kí gbogbo ènìyàn rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ihò àpáta kan ní Dunhuang, létí aṣálẹ̀, ni ìwé yìí àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn wà, tí wọ́n mọ ògiri dí i fún nǹkan bí 900 ọdún, kí Wang Yuanlu, tó ń bójú tó ibẹ̀, tó ṣàwárí rẹ̀ ní 1900. Ní 1907, Aurel Stein dé láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ra àpò-àpò lọ. Paul Pelliot, ará Faransé, tẹ̀ lé e ní 1908. Fọ́tò kan ṣì wà tó fi Pelliot hàn níbi tó lóṣòó sí nínú ihò náà, àbẹ́là kan ṣoṣo ń tàn níwájú rẹ̀, ìdì ìwé tò jọ gègèrè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè ṣa èyí tó dára jù. Báyìí ni ìwé ihò kan ṣoṣo ṣe pín sí London, Paris, Beijing àti St Petersburg. Ọdún 1994 ni àwọn ilé ìkàwé ìlú wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ International Dunhuang Project láti kó àwòrán wọn jọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í hàn, bí Wang Jie ṣe fẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè dá àwòrán padà sójú ihò tí wọ́n ti gé e? Ìwé àfọwọ́kọ kan wà ní Châteauroux ní ilẹ̀ Faransé, tó sọ ìtàn àwọn ọba Faransé. Ẹnì kan ti gé àwọn àwòrán rẹ̀ yọ láyé àtijọ́. Ìwé wà ní Châteauroux pẹ̀lú ihò lára, àwọn àwòrán náà sì wà ní ilé ìkàwé ńlá ti Paris. Láti 2011 ni àwọn ilé ìkàwé ti fẹnu kò sórí ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní IIIF, kí àwòrán tó wà nínú kọ̀ǹpútà ìlú kan lè ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú mìíràn lójú kan náà. Ìlànà yìí ni wọ́n fi dá àwòrán kọ̀ọ̀kan padà sójú ihò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ìwé kúrò nílé.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó lé ní 130, ní orílẹ̀-èdè 20, ló ti ṣí àkọsílẹ̀ ẹrù Bìní tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ fún aráyé? Oṣù Kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Bìní. Wọ́n kó ààfin Ọba Ovonramwen ní ìkógun, iná jó ìlú, wọ́n sì lé Kábíyèsí lọ sí Calabar, níbi tí wọ́n wà títí wọ́n fi wàjà ní 1914. Orí idẹ, eyín erin tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òpó ààfin, gbogbo rẹ̀ di ọjà. British Museum nìkan ní èyí tó lé ní 900 lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Digital Benin bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MARKK ní Hamburg ló gbà á sílé, àjọ Ernst von Siemens Kunststiftung ló gbé owó kalẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Bìní fúnra rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Wàhálà tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ni pé kálukú ti sọ ẹrù ní orúkọ tó wù ú. Ọ̀pá kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta ní ilé mẹ́ta, ẹni tó bá wá a lórúkọ kan kò ní rí méjì yòókù. Wọ́n wá to gbogbo rẹ̀ sí ìsọ̀rí tí àwọn Ẹdó fúnra wọn mọ̀. Lónìí, ọ̀pá tí wọ́n ń gbé sójúbọ àwọn baba ńlá, tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ kó dún, orúkọ rẹ̀ nílé, ukhurhẹ, ló ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà, ti Jámánì, ti Amẹ́ríkà àti ti London yóò tò lẹ́sẹẹsẹ síwájú yín. Wọ́n tún gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Bìní lédè Ẹdó, kí ẹni tó ń wo ohun náà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú òpó náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 5,000. Láti ìgbà ìkógun, kò tíì sí ibì kan tí ènìyàn ti lè rí wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n wọn ilé ibojì àwọn ọba Bùgáńdà àti ìgbà tí iná jó o? Kasubi, ní Kampala, ni àwọn Kábákà mẹ́rin sùn sí, lábẹ́ ilé koríko ńlá kan. Ní 2009, àjọ CyArk fi ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán wọn gbogbo ibẹ̀, láti orí òpó dé àjà. Ben Kacyra, onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bí ní Mosul ní ilẹ̀ Iraq, ló dá àjọ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2010, iná sọ ilé náà di eérú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò jóná.

Ṣé o mọ̀ pé àwòrán nìkan ló kù nínú ìtẹ́ kan tó ti Dàhòmì lọ sí Bràsíìlì? Ọba Adandozan ló fi í ránṣẹ́ sí Dom João, alákòóso Pọtogí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì di ara ẹrù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbà ní Rio de Janeiro. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀; àwọn panápaná dé, omi kò sí nínú ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí. Nínú nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ohun tó wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló ṣègbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Rio ké gbàjarè pé ẹni tó bá ti ya fọ́tò tàbí fídíò níbẹ̀ rí, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́. Fọ́tò tí àwọn kan yà ṣeré di ẹ̀rí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà ló ń bá àwọn Mùsùlùmí Timbuktu tọ́jú àwòrán ìwé wọn? Nígbà tí àwọn jagunjagun gba Timbuktu ní 2012, Abdel Kader Haidara àti àwọn ènìyàn rẹ̀ di ìwé àwọn àáfáà àtijọ́ sínú àpótí irin, wọ́n sì rọra ń kó o lọ sí Bamako nínú mọ́tò àti nínú ọkọ̀ ojú omi lórí Odò Ọya. Ọdún 2013 ni Hill Museum & Manuscript Library, tó wà nínú ilé àwọn mọ́ńkì ní Minnesota, dara pọ̀ mọ́ wọn láti máa ya àwòrán àwọn ìwé náà. Àwọn mọ́ńkì yìí ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1965. Ẹ̀rù pé ogun mìíràn yóò jó ìwé inú ilé àwọn mọ́ńkì ní Yúróòpù ló gbé wọn dìde.

Ṣé o mọ̀ pé ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ wà ní ìlú Ulm, ní Jámánì? Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ti ní in nílé kí ó tó tẹ ìwé nípa ẹrù rẹ̀ jáde ní 1659. Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin ti òní, ló ti wá. Nǹkan bí 150 ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Àjàyí Crowther. Babaláwo tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Havana lè wo àwòrán ọnà etí ọpọ́n náà láìgba físà.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ Yorùbá wà nínú orúkọ 91,491 tí àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ sílẹ̀ ní Freetown àti Havana? Orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ni, irú ọkọ̀ tí wọ́n ti gba Àjàyí sílẹ̀ ní 1822. Orúkọ, ọjọ́ orí, gíga ara àti ọkọ̀ tó gbé wọn ni wọ́n kọ. Bí orúkọ bá ṣe bọ́ sí akọ̀wé létí ló ṣe kọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé Emory University ní Atlanta kó o sórí ayélujára, wọ́n sì bẹ àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n ka orúkọ náà sókè, kí wọ́n sọ ibi tó ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kankan kò lè ṣe é tó ìyá àgbà tó mọ oríkì.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé lè wà lórí pẹpẹ láìfarapa, kí àwòrán rẹ̀ sì di àwátì? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára wọ inú kọ̀ǹpútà British Library, wọ́n sì béèrè owó. Ilé ìkàwé náà kọ̀ láti san. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí aráyé ti ń kà lórí ayélujára kò ṣeé ṣí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bébà ni o tàbí kọ̀ǹpútà, inú ewu ló wà.

Ṣé o mọ̀ pé fífi àwòrán hàn kò ní kí olóhun má gba ohun rẹ̀? Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni ẹrù Bìní tó lé ní 1,000 lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé 20 wá sílé ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 2025, Netherlands dá 119 padà. Ìròyìn kò tó àfojúbà: ẹni tó fi àwòrán rọ́pò ẹrù ìkógun kò tíì san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò mọ ibi tí ẹrù wà.

Ìwọ náà ní tìrẹ láti ṣe. Bí ère, aṣọ àtijọ́, ìwé ẹbí tàbí ìlù bá wà nílé yín, ya fọ́tò rẹ̀ lójú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tó ń jẹ́, ẹni tó ṣe é àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí o sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní ìlú méjì tàbí mẹ́ta. Má dúró de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan kí o tó bẹ̀rẹ̀.