BÍ A ṢE LÈ RÁN ỌMỌ LỌ KỌ́ IṢẸ́ ẸNJINÍÀ LÁÌ JẸ OWÓ ỌJÀ TÁN

 

Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń ta ata wọlé sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná. A jó, a yọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-ìwé ní kí wọ́n wá san owó àsẹ́pítáǹsì kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àyè bọ́ nìyẹn. Ìyá kó gbogbo owó ọjà, ó tún lọ yá sogún-dogójì lé e. Ọmọ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ìyá ṣófo. Nígbà tí ọmọ fi máa dé ọdún kejì, kò sí ohun tí ìyá ń tà mọ́. Ọmọ padà wá jókòó sílé. Ọjà lọ, ìwé náà dúró.

Kì í ṣe pé ìyá yìí kò gbìyànjú. Àwa tí a yí i ká ni a kò mọ bí owó yunifásítì ṣe ń rìn, a kò sì mọ ibi tó yẹ ká ti ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká là á yé ara wa.

ỌDÚN MÁRÙN-ÚN NI, KÌ Í ṢE ỌJỌ́ KAN

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọdún márùn-ún ni ti ẹnjiníà, ọdún mẹ́fà ni ti dókítà. Ìyẹn bí ìyanṣẹ́lódì kò bá wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi yan iṣẹ́ lódì. Ọmọ ń dúró, ó ń jẹun, kò kàwé.

Owó ilé-ìwé nìkan kọ́ o. Ọmọ ẹnjiníà á ra pátákó ìyàwòrán, á ra ẹ̀rọ ìṣírò, á ra kọ̀ǹpútà. Ọmọ sáyẹ́ǹsì á ra aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ wọ láàbù. Lọ́dún ìkẹyìn, iṣẹ́ tí wọ́n máa fi gboyè, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ń ti mú owó ra ohun èlò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ti ń há ni àìtíì. Ètò yìí ti wà láti ọdún 1973: ọmọ ẹnjiníà gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà kó tó lè gboyè. Ilé-iṣẹ́ tó dára lè wà ní ìlú mìíràn. Á gbalé, á wọkọ̀, á jẹun. Ilé-iṣẹ́ mìíràn kò ní san kọ́bọ̀.

OWÓ ÌJỌBA ŃKỌ́?

Ó wà. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹrin ọdún 2024 ló gbé àjọ NELFUND dúró lórí ẹsẹ̀ tó wà yìí. Wọ́n ń yá ọmọ ilé-ìwé gíga ìjọba lówó láì gba èlé. Owó ilé-ìwé kò kọjá lọ́wọ́ ọmọ, tààrà ni wọ́n ń san án fún ilé-ìwé. Ọmọ sì lè bèèrè owó ìjẹun lóṣooṣù pẹ̀lú. Ohun tó nílò ni nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà tí ilé-ìwé fún un, NIN àti BVN.

Ẹ gbọ́ o, gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, tó pé ọdún méjì, tó sì ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn ju sogún-dogójì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù, èyí tí a kì í san padà. MTN ti ṣe é fún àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì tó ti dé ọdún kẹta tí èsì wọn dára. Ti Agbami wà fún àwọn tó ń kọ́ ẹnjiníà àti ìṣègùn. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ní bọ́sárì fún ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kó tó fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un. Olè ni.

Ẹ wá wò ó dáadáa. NELFUND ń dúró kí ọmọ wọlé, kí ilé-ìwé jẹ́rìí sí orúkọ rẹ̀. Ti MTN, ó di ọdún kẹta. Ta ni yóò wá san owó ìwọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ta ni yóò gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́fà àìtíì? Àwọn ihò yìí ló jẹ ọjà ọ̀rẹ́ wa run. Ihò yìí sì ni ẹgbẹ́ lè dí.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbíbìò dá owó jọ, wọ́n fi rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Àwọn náà kì í ṣe olówó.

Ká ní igba (200) ni wá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦100 lọ́sẹ̀. ₦20,000 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 52, ó di ₦1,040,000. Kò lè rán ogún ọmọ títí dé òpin, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ sogún-dogójì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní òfin. Kí owó wà ní báǹkì, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i. Kí a san owó ìwọlé sí àpò ilé-ìwé, kí ó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Kí a fi èsì ìdánwò àti àìní yan ọmọ, kì í ṣe ipò ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ọmọ tí a bá ràn lọ́wọ́, kó máa mú èsì rẹ̀ wá hàn wá lọ́dọọdún, kó sì máa kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò nígbà ìsinmi.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé ọmọ mi ni?” Ìyá mi, bí iná ọjà bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ọmọ ìsọ̀ kejì wá tún un ṣe kó tó jó wa, ṣé ẹ máa bi í pé ọmọ ta ni? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ JAMB lọ́dún yìí tètè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kó tó di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjà á tà, ọmọ wa á yege. Àṣẹ.