Ètò Iṣẹ́ Tó Wà Nídìí Òfì Ìsẹ́yìn

Ta ni kò mọ aṣọ òkè Ìsẹ́yìn? Sányán, àlàárì àti ẹtù ibẹ̀ kì í wọ́n níbi ìgbéyàwó tàbí ìwúyè. Ètò iṣẹ́ tó ń mú aṣọ náà jáde ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á kò mọ̀. Kókó yìí gan-an ni Jennifer Bray kọ̀wé lé lórí nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa lọ́dún 1968.

Aṣọ tó ń ti ìdí òfì ọkùnrin jáde kò fẹ̀ púpọ̀, bí íǹṣì 4 ni. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ la máa rán pọ̀ kó tó di agbádá kan. Bí ahunṣọ kan bá na òwú tirẹ̀ le, tí èkejì rẹ̀ sì dẹ tirẹ̀, ilà aṣọ kò ní bára mu nígbà tí télọ̀ bá tò wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń fọwọ́ tọ aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí yóò sì ní kí wọ́n tú ibi tí kò dára.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni ilé iṣẹ́. Bàbá ni ọ̀gá, òun náà ló ń bọ́ ọmọ, tó ń fẹ́yàwó fún un. Kò sídìí fún ìwé àdéhùn. Lónìí, ọmọ ọlọ́mọ tó ti ìlú mìíràn wá kọ́ṣẹ́ lè jókòó sídìí òfì, owó iye aṣọ tó bá hun ló ń retí.

Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ètò iṣẹ́ lọ́dún 1911, gbà pé irú owó bẹ́ẹ̀ ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ kíákíá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré torí owó lè máa fi òwú ṣòfò, kí aṣọ rẹ̀ sì dẹ̀. Lójú tèmi, àyẹ̀wò ọ̀gá àti òmìnira tó lọ́jọ́ pàtó ló ń mú kí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ dúró. Ọmọ tí kò mọ ọjọ́ tí yóò gbòmìnira, tí kò mọ ẹni tí yóò san òwú tó bàjẹ́, kò lè fọkàn sí iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye owó aṣọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni àdánù òwú, àti ọjọ́ òmìnira. Ẹ kà á létí òbí ọmọ kó tó fọwọ́ kan òfì.